Ọsàn Kíkorò àti Ológbò Èbúté

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni Iordanis kọ́kọ́ bá Stratis sọ.

Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé Stratis ni orúkọ rẹ̀. Àgbàlá ni a ń pe ìkànnì wa, níbi tí àwa tí a fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin ti ń pàdé, tí a ń kọ ọ́, tí a sì ń kà á. Orúkọ àdàpè ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́ níbẹ̀. Ọsàn Kíkorò ni Stratis, Ológbò Èbúté sì ni Iordanis. A kì í béèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù ilé ló lé ọ̀pọ̀ nínú wa débẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tó sá fún ìbẹ̀rù tún bá a lọ́dọ̀ wa.

Lọ́dọọdún, a máa ń ta Okùn. Okùn ni ìtàn kan tí gbogbo wa jọ ń kọ, láti ìgbà òtútù kan sí òmíràn. Ẹnì kan á kọ orí kan, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ bá ti kọ, ó ti rí bẹ́ẹ̀. O kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, o kò sì gbọdọ̀ sọ pé àlá ni. Bí ó bá pa ènìyàn, ìwọ sin ín. Èmi Fotini ni mo ń bójú tó Okùn, èmi ni mo ń pe ẹni tó kàn.

Lọ́dún yẹn, Okùn dá lórí Markos, tó ń sin oyin ní erékùṣù kékeré kan, àti Nikiforos, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé lẹ́tà kiri. Stratis kọ orí kan nípa Markos. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀, òkun ń ké, ìbànújẹ́ kún inú ilé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Ológbò Èbúté kọ ọ̀rọ̀ yìí sí:

"Ọsàn, o kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n Markos ò tíì jẹun láti àárọ̀ àná. Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Stratis ò rẹ́rìn-ín. Ó dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ kì í rántí oúnjẹ."

"Èmi máa ń rántí," ni Ológbò wí. "Lọ́jọ́ tí ẹni tí mo fẹ́ fi mí sílẹ̀, odidi ìkòkò ẹ̀wà ni mo jẹ, mo sì ń sunkún sínú rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i mọ́."

Nígbà tó kan Ológbò láti kọ, ó mú kí Nikiforos bá Markos lórí ibùsùn, níbi tó dùbúlẹ̀ sí tó kọjú sí ògiri. Nikiforos ò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Ó dín ẹja sàdíìnì, ó jókòó, ó ń yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó ẹran ẹja náà sínú àwo ẹnìkejì.

Stratis kà á nínú ilé ìfúnpo bàbá rẹ̀ ní erékùṣù Lesvos, níbi tí ẹ̀rọ ń pariwo tí epo ólífì ń ṣàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ológbò nìkan: "Ta ló kọ́ ọ láti kọ̀wé báyìí?"

"Ìyá mi. Kò mọ ìwé o. Egungun ẹja ló mọ̀ ọ́n yọ."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Wọn ò pọ́n ara wọn lé. Iordanis á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Àwọn ènìyàn rẹ ń sọ̀rọ̀ bí àlùfáà lórí pẹpẹ. Sọ ọ́ síta kí o tó kọ ọ́." Stratis á sọ ọ́ síta nínú ilé ìfúnpo, ojú á tì í, á tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Stratis náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta Iordanis lẹ́sẹ̀. Ológbò kì í parí ìtàn. Inú Àgbàlá kún fún ilé tí ó kọ́ tí kò fi òrùlé bò.

"Kí ló dé tí o kì í parí wọn?"

"Tí mo bá parí rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ra wọn tàbí wọn ò fẹ́ra. Mi ò tíì fi ojú ara mi rí èyí tó parí síbi tó dára."

"Èmi náà ò rí i rí."

"O rí i bí? Àwa méjèèjì ń kọ ohun tí a ò mọ̀."

Kò pẹ́ tí ohùn fi wọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn lórí fóònù, wọ́n rí ojú ara wọn, wọ́n sì sọ orúkọ wọn. Iordanis ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nítòsí èbúté ìlú Kavala. Ó ju Stratis lọ ní ọdún díẹ̀, ó ti di àgbà díẹ̀ nínú ìdánìkanwà pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ ti kú. Arábìnrin rẹ̀ mọ irú ẹni tó jẹ́, kò sì bínú sí i. Ní ti Stratis, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé tiwọn, àfi ohun tí ìyá máa ń mọ̀ tí kì í fẹ́ mọ̀.

"Ọsàn mi," ni Iordanis sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ọkọ̀ tó ń kúrò níbí lọ sọ́dọ̀ yín máa ń dúró ní erékùṣù Limnos lójú ọ̀nà. Bí mo bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣé wàá wá?"

Stratis ronú lórí irọ́ tó lè pa nílé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ìfúnpo ni mo fẹ́ lọ wò."

"Wò ó lóòótọ́, kí o má bàa parọ́."

Ó wò ó lóòótọ́. Ó lo ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà, ó sì sá lọ sí èbúté. Àwọn méjèèjì rí ara wọn. Àwọn tó ti kọ ìwé sí ara wọn tó yẹn, wọ́n dúró bí òpó iná.

"O ga ju bí mo ṣe rò lọ," ni Stratis wí.

"Irun rẹ náà burú ju bí mo ṣe rò lọ," ni Iordanis fèsì. "Ọ̀bẹ búrẹ́dì ni wọ́n fi gẹ̀ ẹ́ ni?"

"Prokopis ló gẹ̀ ẹ́. Òun nìkan ni onígbàjámọ̀ abúlé wa. Òun ló gẹrun bàbá mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀."

"Mo rí i. Kò tíì kúrò lọ́dún yẹn."

Ẹ̀rín tó pa wọ́n ló tú wọn sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Iordanis gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n wọ̀ sí, ó ta aṣọ ìnura sí Stratis lọ́rùn, ó sì mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde. Òkun wà níwájú wọn.

"Má mira."

"Mi ò mira."

"O ń gbọ̀n."

"Gbígbọ̀n kì í ṣe mímira."

Iordanis gẹ irun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Nígbà tó parí, ó fẹ́ irun tó kù kúrò ní ọrùn Stratis, ó sì fẹnu kò ó níbẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí. "Mi ò fẹ́ fi sẹ́nu Nikiforos. Èmi ni mo sọ ọ́." Stratis di ọwọ́ rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé inú lè dé.

Irun yẹn náà ló tú àṣírí.

Ìyá rẹ̀, Myrsini, jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ọ̀bẹ ké orí ilá nígbà tí Stratis wọlé. Ó gbójú sókè, ó sì wò ó títí.

"Ta ló gẹrun fún ọ?"

"Ẹnì kan ní Limnos ni, Màmá."

"O ní ẹ̀rọ lo lọ wò."

"Mo wò ó."

"Prokopis ti rí ọ ní ojú ọ̀nà. Ó ti wá síbí, ó ń bú ọ, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Stratis, ẹni tó gẹ irun yìí kò kánjú. Ẹni tó gẹ irun yìí fẹ́ràn rẹ."

Stratis fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ṣé obìnrin ni?"

Stratis wolẹ̀. Myrsini tún mú ọ̀bẹ, ó sì padà sórí ilá rẹ̀.

"Ọkàn bàbá rẹ kò lágbára, o mọ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, o ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ ẹni mímọ́ tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Despina ọ̀rẹ́ mi àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀ níbí. Ọmọ gidi ni. Wàá jókòó tì í, wàá rẹ́rìn-ín. Ìyókù, fi sílẹ̀ fún mi."

"Màmá."

"Mo ní mi ò béèrè nǹkan kan."

Láti ọjọ́ yẹn, Stratis ò gbé fóònù Iordanis mọ́. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá gbọ́ ohùn rẹ̀, òun á fọ́. Ó sì ń bà á pé bí òun bá sọ̀rọ̀ nílé, bàbá òun á ṣubú. Nígbà tí mo pè é pé Okùn ti kàn án, ó kọ orí kan ránṣẹ́ láìpẹ́. Nínú rẹ̀, Markos gbéyàwó. Nikiforos wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi, ó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó yí orí ọkọ̀ padà, ó sì lọ.

Ó kọ ọ́ dáadáa ju gbogbo ohun tó ti kọ rí lọ. Ìyẹn ló dùn wá jù. Ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọsàn, kí oyin Markos ta ọ́ lójú." Ẹlòmíràn béèrè bóyá inú rẹ̀ ló ń run. Ìtàn lásán ni gbogbo wa pè é.

Iordanis kà á láàárín oníbàárà kan àti òmíràn, ó sì mọ ohun tí Stratis fi ń sọ fún òun. Ó pè mí, ó fi "Kyra" kún orúkọ mi bí a ti ń ṣe fún obìnrin àgbà.

"Kyra Fotini, ẹ má bínú. Ṣé mo lè pa á rẹ́?"

"O mọ òfin, ọmọ mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Ìwọ ló kàn. Kí lo máa ṣe?"

"Màá parí rẹ̀," ló wí.

Èyí tó kọ ò gùn. Ọjọ́ orúkọ Markos dé. Nílẹ̀ wa, lọ́jọ́ ẹni mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ jẹ́, a kì í pe ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ ni, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ìjókòó, kódà kó jẹ́ ọ̀tá. Nikiforos wọlé pẹ̀lú páálí àkàrà dídùn. Wọ́n fún un ní àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó ń dúró kí Markos sọ fún àwọn àlejò yòókù ẹni tí òun jẹ́. Ibẹ̀ ló fi sí.

Mo ní, "Ológbò, èyí ò tíì parí."

"Lọ́wọ́ tèmi, ó ti parí, Kyra Fotini. Ọwọ́ Ọsàn ni ìyókù wà."

Ọjọ́ àwọn Olórí Áńgẹ́lì ní oṣù kọkànlá ni ọjọ́ orúkọ Stratis ní Lesvos, nígbà tí ólífì ti pọ́n lórí igi. Yàrá àlejò kún. Bàbá rẹ̀, Ignatis, jókòó sórí àga ńlá. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, nítorí náà ariwo ni òun náà fi ń sọ̀rọ̀. Despina jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń wo aago ara ògiri. Stratis ń fi àwo gbé ọtí úzò kiri. Ó ti ka orí tí Iordanis kọ, kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, á yíjú síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́.

"Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ ó ṣe láyé pẹ̀lú ọmọ yín, Kyra Myrsini. Iordanis ni orúkọ mi. Kavala ni mo ti wá."

Myrsini mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó gẹrun ọmọ òun nìyí. Kò lè tilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ìyá tó lè tilẹ̀kùn. "Ẹ wọlé," ló wí, kò sì wo ojú rẹ̀. Ó fi àga tó wà nítòsí ilẹ̀kùn hàn án.

Stratis gbé ọtí wá bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ife fún un.

"O fi Markos kọ̀ mí," ni Iordanis sọ jẹ́jẹ́. "Markos ò mọ̀ mí rí. Bí o bá fẹ́ kọ̀ mí, ọkàn mi, fi ẹnu ara rẹ kọ̀ mí. Màá mu ọtí yìí, màá kí bàbá rẹ, màá sì gba ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní bínú."

"Mi ò lè kọ̀ ọ́."

"Kí lo wá lè ṣe?"

Kí ó tó dáhùn, Ignatis ké láti orí àga rẹ̀. "Stratis, ta ni ọkùnrin yẹn? Mú un súnmọ́ mi kí n rí i."

Gbogbo yàrá yíjú sí wọn. Stratis wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé, ó máa ń ní ojú ewé tó pọ̀ láti rìn yí irú ọ̀rọ̀ yìí ká. Níbí, kò ní ju ẹnu lọ. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Bàbá, Iordanis nìyí. Òun ni mo nífẹ̀ẹ́. Mi ò ní fẹ́ ìyàwó."

Ignatis fi ọwọ́ sẹ́tí. "Kí lo wí?"

Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ní láti pariwo rẹ̀. "Mo ní òun ni mo nífẹ̀ẹ́, Bàbá. Ọkùnrin yìí. Mi ò ní fẹ́ ìyàwó láyé."

Àwọn ọmọdé tó wà ní ojú pópó náà gbọ́ ọ.

Ọmọ Despina ló kọ́kọ́ dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èmi náà ti ń wá ọ̀nà àtilọ láti ìgbà tí a ti dé." Bó ṣe ń kọjá, ó fọwọ́ kan Stratis léjìká. Myrsini wọ inú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ignatis ò ṣubú. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo igi tó ti gbìn fúnra rẹ̀ tí kò mọ èso rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi."

"O sì jẹ́ kí n máa wá ìyàwó kiri fún ọ bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù." Ó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Iordanis. "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?"

"Onígbàjámọ̀ ni mí, Bàbá."

"Ṣé o lè gbọn ólífì?"

"Mi ò gbọ̀n ọ́n rí."

"Wàá gbọ̀n ọ́n lọ́la. Ẹni tó bá sùn nílé mi lóṣù yìí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mi ò sọ pé mo gbà o. Mo sọ pé ólífì ń já sílẹ̀."

Iordanis gbọn ólífì títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ignatis ò yìn ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó fẹ́ padà, ó fún un ní garawa epo, ó ní kó má jẹ́ kó bàjẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí oṣù tí ọkọ̀ Kavala kò gbé e wá.

Myrsini ni ò yọ́. Ó ń se oúnjẹ fún Iordanis, ó ń tẹ́ ibùsùn fún un, ṣùgbọ́n "ẹni yẹn" ló ń pè é. "Ẹ sọ fún ẹni yẹn pé ọbẹ̀ ti jinná." Stratis ò bá a jà. Ó jókòó tì í nílé ìdáná lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, mo nífẹ̀ẹ́ yín, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n yan ọ̀kan." Ìyá rẹ̀ ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí o yàn," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sórí àlùbọ́sà tó ń gé, kó lè sọ pé àlùbọ́sà ló fà á.

Nígbà tí Stratis àti Iordanis dá ọjọ́ ìgbéyàwó wọn sí oṣù karùn-ún, ní gbọ̀ngàn ìlú Mytilene, olú ìlú Lesvos, Ignatis ra bàtà tuntun. Myrsini ní òun ò ní wá.

Àwa ará Àgbàlá wá láti ibi gbogbo. Àwọn tí kò rí ojú ara wọn rí ń dì mọ́ ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ní kí oyin ta Ọsàn lójú jẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan tó ń tijú gan-an, ó sì ń bẹ Stratis títí. Iordanis wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, Stratis ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tún ń wo ẹnu ọ̀nà.

Mo jáde láti gba atẹ́gùn. Lórí bẹ́ńṣì kan létí omi, ní òdìkejì ọ̀nà, obìnrin kan jókòó, ó wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, ó gbé àpò rẹ̀ lé orúnkún. Mo mọ̀ ọ́n láti ara àwòrán tí Stratis fi hàn mí. Mo lọ jókòó tì í.

"Ṣé ẹ wà lára àwọn tó ń kọ ìwé yẹn?" ló bi mí, láìwò mí.

"Èmi ń kà á ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ ọ́n kà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ lè kọ."

"Èmi ò kà á rí. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹ sọ òtítọ́. Ṣé ìdọ̀tí ni?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn, nítorí pé ó bi mí tọkàntọkàn.

"Ọ̀kan lára èyí tí ọmọ yín kọ, ọkùnrin kan ló ń ṣe àtúnṣe ògiri ilé ìyá rẹ̀. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìyá rẹ̀ bi í?"

"Kò bi í."

Ẹyẹ òkun kan bà lórí okùn ọkọ̀, ó tún fò. Láti inú gbọ̀ngàn, a gbọ́ ohùn Ignatis tó ń bi gbogbo ayé bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá yẹn á kó ìtìjú bá wa," ló wí. Ó yọ ìborùn kékeré tó wé mọ́ ọrùn rẹ̀, ó tún un wé. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi kí n lè dìde pẹ̀lú.

"Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìyá ọkọ ìyàwó máa ń dúró sí, tó bá jẹ́ pé méjì ni ọkọ?"

"Níwájú, Kyra Myrsini."

"Ẹ jẹ́ ká yára nígbà náà," ló wí. "Iordanis ò ní ìyá. Ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ náà ò gbọdọ̀ ṣófo."

Ó di apá mi mú, a sì sọdá ọ̀nà.